Ẹ̀fọ́ Kíkan Ìyá Jọ́ọ̀sì

Ọdún kejì tí àwọn mọ́tò Èkó kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ni ìyá tó bí bàbá mi wá bá wa gbé ní Yábà. Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, gbogbo wa á sì dá ọ̀rọ̀ dúró sẹ́nu títí yóò fi lọ tán. Agboolé náà kò mọ ìdákẹ́jẹ́ rárá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìró ìgò tó ń kan ara wọn la máa kọ́kọ́ gbọ́, nítorí Màmá Rísì, aládùúgbò wa, òfìfo ìgò ni wọ́n ń tà ní Muṣin, àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n sì máa ń dì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí dà sínú garawa, rédíò á máa sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá mi tó jẹ́ tíṣà á sì máa ka àdúrà òwúrọ̀ sókè bí ẹni pé kíláàsì kan ló jókòó síwájú wọn. Nínú gbogbo ariwo yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dá sí i. Ìyá Jọ́ọ̀sì á jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọ́n á kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Wọn kò ríran mọ́.

Jọ́ọ̀sì la fi ń pè wọ́n nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn. Kùsà, ibi tí wọ́n ti ń wa tánńganran nílẹ̀, ni bàbá àgbà mi ti ṣiṣẹ́, Ìyá sì ń se oúnjẹ nílé òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Kí bàbá àgbà tó kú ni ojú Ìyá ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí àtùpà tí epo ń gbẹ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ojú náà ti kú pátápátá. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ mú wọn wá sí Èkó, tàwọn tàpótí onírin kan àti aṣọ òtútù tí wọn kò rí ibi wọ̀ nínú ooru wa.

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Mo fẹ́ sọ èyí dáadáa kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyàwó burúkú ni wọ́n. Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kò sọ́jọ́ tí wọn kì í rí ẹni tí omi gbígbóná bó lára, tàbí ẹni tí sítóòfù gbiná mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹni tí kò ríran wá wọ inú ilé wọn, ìbẹ̀rù ni ìfẹ́ wọn gbé wọ̀ bí aṣọ. Bí Ìyá bá fẹ́ dìde, a ó ní kí wọ́n jókòó. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ife, a ti gbé ife náà fún wọn. A máa ń yọ egungun ẹja fún wọn, a máa ń kó ẹ̀bà sí wọn lọ́wọ́ ní òkèlè-òkèlè. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣọ́ wọn tí mo bá ti ilé-ìwé dé, mo sì ń ṣe é tọkàntọkàn, nítorí mo rò pé ìtọ́jú ni. Ìgbà tí èmi náà dàgbà ni mo tó mọ ohun tí a ń ṣe. Ojú ti kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀, àwa náà sì wá gba ọwọ́ wọn lé e. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dín lẹ́nu wọn. Kí oṣù kẹta tó pé, “ó ṣeun” àti “ó ti tó” nìkan ló kù.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ tí màmá mi ń sọ fún bàbá mi pé àwọn kò lè máa wà níbi iṣẹ́ kí ọkàn àwọn máa wà nílé. Wọ́n ní ó sàn kí Màámi, bí wọ́n ṣe ń pe Ìyá Jọ́ọ̀sì, lọ máa gbé ní Iléṣà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, níbi tí ìyàwó ilé ti wà ní tòsí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá mi ní ó dáa, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Mo yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Jọ́ọ̀sì kò mira, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe etí tèmi nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún Àjíǹde dé nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá pé ẹrù wa wà ní ibùdókọ̀ Jíbówú. Obìnrin kan tó bá Ìyá gbé ládùúgbò ní Jọ́ọ̀sì ló di agbọ̀n ńlá méjì rán awakọ̀ akẹ́rù. Èmi àti bàbá mi la lọ gbé e lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí a ṣí ewé orí rẹ̀ nílé, mo rò pé ọgbà Édẹ́nì ni wọ́n kó wá fún wa: kárọ́ọ̀tì tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀, kábéèjì tó le bí bọ́ọ̀lù, kúkúńbà, àlùbọ́sà kéékèèké, ẹ̀wà tútù tí wọ́n ń jẹ tòun tèèpo, àti ohun kan tó funfun, tó ṣù bí ìkuukùu, tí ewé gbá mọ́ra. Bàbá mi ní kọliifláwà ló ń jẹ́, pé òdòdó tí ènìyàn ń jẹ ni. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo fi ìka kan kàn án bí ẹni tó fọwọ́ kan ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹrù náà ti lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà, fíríìjì wa sì ti dákẹ́ láti ìgbà Kérésì. Màmá mi wo agbọ̀n méjèèjì, wọ́n ní kí n lọ kó àwo wá, ká pín in fún àwọn ará ilé kó tó jẹrà. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn tí mo ti gbàgbé bó ṣe nípọn tó.

“Ẹ má pín in. Ẹ gbé e wá síbí.”

A gbé e lọ. Ìyá Jọ́ọ̀sì ń mú u lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ń yà á sọ́tọ̀, èyí sápá ọ̀tún, èyí sápá òsì, wọn kò ṣiyèméjì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n béèrè iyọ̀, fínígà, iyèré, kànáfùrù, atalẹ̀, aáyù, ṣúgà díẹ̀ àti ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Wọ́n ní píkùlù làwọn fẹ́ ṣe, ìyẹn ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń rẹ sínú fínígà kó má bàjẹ́. Òyìnbó kùsà ló fi ọ̀nà rẹ̀ han àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ló fi ata àti atalẹ̀ kún un, òyìnbó ọ̀hún sì jẹ́wọ́ pé ó dùn ju ti ìyá òun lọ. Màmá mi kúnlẹ̀ síwájú wọn. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé ọ̀bẹ ńkọ́, iná ńkọ́, fínígà tí yóò máa hó ńkọ́. Ìyá jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n wí, “ojú mi ló kú. Ọwọ́ mi ò kú.”

Bàbá mi wo ilẹ̀. Níkẹyìn màmá mi gbà pé kí Ìyá gé ẹ̀fọ́ náà lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan iná àfi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn fúnra àwọn á wà nílé, tí àwọn á dúró tì wọ́n.

Màmá Rísì gbọ́, wọ́n sì fi ọmọrí agbọ̀n ru ìgò mẹ́rìnlá wá, ìgò kọfí àti ti jáàmù tó ṣì ní ìdérí onírin. Wọ́n ní òfìfo làwọn ti ń tà látọjọ́ táláyé ti dáyé, àwọn fẹ́ fojú rí èyí tó kún. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti ilé-ìwé dé, mo sì jókòó ti Ìyá lórí ẹní. Wọ́n ká ìka ọwọ́ òsì sínú, eegun ìka ló ń darí ọ̀bẹ, kárọ́ọ̀tì sì ń já bọ́ sórí pákó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí kọ́bọ̀ tuntun. Mo ka mẹ́wàá, mo tò wọ́n lé ara wọn. Kò sí èyí tó nípọn ju ìkejì lọ. Nígbà tí èmi tí mo ríran gba ọ̀bẹ, tèmi rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ajá arúgbó. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án, wọn kò bá mi wí. Wọ́n ní ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kí n má bá ọ̀bẹ sáré.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu omi sínú bàsíà, wọ́n da iyọ̀ sí i, wọ́n rò ó, wọ́n ní kí n mú ẹyin tútù kan wá. Ẹyin náà rì lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n wá a kàn níbi tó sùn sí, wọ́n tún bu iyọ̀. Ní ẹ̀kúnwọ́ kẹta, mo rí i tí ẹyin náà dìde. Ó gbéra nílẹ̀ bàsíà, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì wá fi orí kan àtẹ́lẹwọ́ Ìyá tí wọ́n tẹ́ sójú omi. Wọ́n ní ó ti dé. Wọ́n ti kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé Pétérù rìn lórí omi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú bàsíà tí à ń rẹ ẹ̀wà sí. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì tún dìde. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé iyọ̀ ló ń gbé e, pé omi tí iyọ̀ rẹ̀ bá tó ẹyin gbé, ó tó ẹ̀fọ́ gbà lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́. A da ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, a fi àwo dé e, a gbé òkúta lé e, ó di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òórùn fínígà tó ń hó gba gbogbo agboolé. Àwọn ọmọ ń sín láti yàrá dé yàrá. Mo rántí ọtí kíkan tí wọ́n fi kànìnkànìn gbé sí Olúwa lẹ́nu lórí àgbélébùú, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀ pé irú rẹ̀ la fẹ́ jẹ. A ti se àwọn ìgò nínú omi, wọ́n ti lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó kan ká kó ẹ̀fọ́ sínú wọn, ọwọ́ Ìyá kò gba ẹnu ìgò kọjá. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,” wọ́n sì dúró dè mí. Mo fèsì pé t’àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, mo sì ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa tò ó: kárọ́ọ̀tì sí ẹ̀gbẹ́, òdòdó funfun sáàárín, ata pupa síbi tí ojú á ti tètè rí i. Mo bi wọ́n pé kí ló kàn wọ́n nípa ibi tí ojú á ti rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé Yábà. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ ẹ́ ní ojú.

Ó wá ku dída fínígà. Màmá mi gbé abọ́ omi tútù sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, wọ́n mú oògùn ìjóná dání, wọ́n dúró bí ẹni tó fẹ́ gbá ọmọ mú kó tó ṣubú. Ìyá fi ìka wá ẹnu ìgò àkọ́kọ́, wọ́n gbé ẹnu kẹ́túlù sí i, wọ́n fa ìka kúrò, wọ́n sì ní kí gbogbo wa dákẹ́. Fínígà bẹ̀rẹ̀ sí dà. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn ìgò náà wà nísàlẹ̀, ó nípọn. Bó ṣe ń kún ni ohùn ọ̀hún ń tínrín, tó ń gòkè. Nígbà tó ku ìwọ̀n ìka kan kó dé etí, Ìyá gbé kẹ́túlù kúrò. Ẹ̀kán kan kò bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ pé àmì ohùn èdè Yorùbá ni wọ́n ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, sún wá sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ìgò kejì sọ ọ́ lábẹ́ ẹ̀mí: dò, re, mí. Ní mí ni Ìyá dáwọ́ dúró. Ìgò kẹta bẹ́ẹ̀, ìkẹrin bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ń gbé.

Ìgò keje ló wà lábẹ́ kẹ́túlù nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé. Ilẹ̀ gbọ̀n, àwo gbọ̀n, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tí ìgò ń sọ. Màmá mi ju oògùn sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ láti gba kẹ́túlù. Ṣùgbọ́n Ìyá ti gbé e sókè kí ọwọ́ wọn tó dé ibẹ̀. Wọ́n dá a dúró lójú òfuurufú, kẹ́túlù tó kún fún fínígà gbígbóná, lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí kò rí i, kò sì mì. Ọkọ̀ náà gùn lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ìdí rẹ̀ kọjá tán, tí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù sì dákẹ́, Ìyá tún fi ìka wá ẹnu ìgò, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ láti ibi tí wọ́n dé. Mo ti rí ohun tó pọ̀ láyé láti ìgbà náà, mo ti wọ bàálù, mo ti rí òkun láti òkè, ṣùgbọ́n bí mo bá ń wá ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ènìyàn jinlẹ̀ ju ohun tí a ń rí lára rẹ̀ lọ, ọwọ́ yẹn ni mo máa ń rántí. Màmá mi rọra fi ẹsẹ̀ ti abọ́ omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì jókòó.

Nígbà tí ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tutù, Ìyá ní kí n mú ṣíbí tíì wá. Wọ́n ń fi kan ìdérí ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Mẹ́tàlá dún gbọnrangandan bí agogo kékeré ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan dún bọ̀ọ̀. Wọ́n ní èyí kò ní pẹ́ bàjẹ́, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Màmá mi gbé e lọ síta, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan tó ṣe é, ó rí bí àwọn yòókù. Ìyá kò bá wọn jiyàn. Wọ́n ní kí a yà á sọ́tọ̀, ká jọ máa wò ó. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, omi inú rẹ̀ ti dàrú, ó ń hó wúrúwúrú láìsí iná, ìdérí rẹ̀ sì ti wú. Àwọn mẹ́tàlá yòókù mọ́ gaara. Mo bá màmá mi níbi tí wọ́n dúró sí pẹ̀lú ìgò burúkú náà lọ́wọ́, wọn kò sì tètè dà á nù. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tó sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń rò ni àwọn dókítà tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà aláìsàn, àti iye ìgbà tí àwọn, nọ́ọ̀sì, ti fojú lásán wo aláìsàn kan, tí àwọn sì ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde ni Bàbá Iléṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, dé pẹ̀lú mọ́tò láti wá mú Ìyá. Wọ́n jẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í jẹ oúnjẹ tí kò mọ ìdílé rẹ̀. A gbé ìrẹsì àti ẹja díndín fún wọn, màmá mi sì ṣí ìgò kan, wọ́n bu ẹ̀fọ́ kíkan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ó ń tàn: pupa, funfun, àwọ̀ ewé. Bàbá Iléṣà fi fọ́ọ̀kì ti kárọ́ọ̀tì kan, wọ́n fi sẹ́nu, ó sì ró kàùkàù bí ìgbà tí ẹṣin ń jẹ ọkà. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Wọ́n jẹ ìyókù, wọ́n ní kí n bu sí i, wọ́n tún ní kí n bu sí i. Nígbà tí wọ́n béèrè ilé ìtajà tí a ti rà á, bàbá mi fi ọwọ́ tọ́ka sí Ìyá. Wọ́n wo ìyá wọn pẹ́. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n fọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní kí a gbé àpótí Màámi wá.

Ìyá ti dì í. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n rìn dé ìdí àpótí onírin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ní àwọn ti ṣetán. Wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Màmá mi ló kúnlẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo ní kí ẹ wá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí Màámi bá fẹ́ lọ, n kò ní dí wọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe tèmi, kí wọ́n dúró, kí wọ́n kọ́ mi.”

Ìyá yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá.

“Kí ni mo fẹ́ fi kọ́ nọ́ọ̀sì?”

“Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ohun tí ojú mi kò rí.”

Ìyá Jọ́ọ̀sì wá àyè lórí àpótí náà, wọ́n tẹ́ aṣọ wọn dáadáa, wọ́n sì jókòó lé e lórí. Bàbá Iléṣà wo bàbá mi, wọ́n wo màmá mi, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àpótí tí ènìyàn jókòó lé kò ṣe é gbé. Ìgò píkùlù méjì ni wọ́n gbé lọ sí Iléṣà, lórí itan wọn, nítorí wọn kò gbà kí dírẹ́bà kó o sí ẹ̀yìn mọ́tò.

Ní òwúrọ̀ Ajé tó tẹ̀lé e, màmá mi wọ aṣọ iṣẹ́ wọn funfun, wọ́n sì ṣe ohun kan kí a tó jáde. Wọ́n gbé pákó ìgéfọ́, ọ̀bẹ, ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan àti tòmátì síwájú Ìyá lórí ẹní. Wọ́n ní, “Màámi, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi se ọbẹ̀ tí a máa jẹ tí a bá dé.” Wọ́n mú mi lọ́wọ́, a jáde, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹnu géètì, wọ́n dúró. Mo rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan nílé, mo fẹ́ béèrè, wọ́n fi ìka sí ètè. A dúró níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn ń kí wa kọjá, màmá mi kọ etí sí ọ̀nà ilé. Nígbà tó yá, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ lórí pákó, ó ń lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kò yára, kò sì dúró. Màmá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ká máa lọ.